Wáyálẹ́ẹ̀sì wo ló bá hàmóníkà mu? Ìfiwéra fún ẹni tó ń ṣeré ní Àbújá tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n

Ẹni tó ń fọn hàmóníkà lórí pèpéle ní wàhálà kan tí onígìtá kò ní: ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti kún kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ kan di hàmóníkà mú, ìkejì di máìkì mọ́ ọn, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sì pa dé yí wọn ká kí afẹ́fẹ́ má ráàyè sá jáde. Inú ihò tí ọwọ́ ṣe yẹn ni ohùn tó ki, tó wúwo, tí a mọ̀ mọ́ hàmóníkà inú ẹ̀rọ ti ń wá. Bí ọwọ́ bá ṣí díẹ̀, ohùn á fẹ́lẹ́. Ohunkóhun tí ẹ bá sì so mọ́ ìdí máìkì, ọwọ́ yìí kan náà ló máa gbé e.

Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn táwọn èèyàn ń fún akọrin àti onígìtá lórí wáyálẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máìkì lọ sí sípíkà láìsí wáyà, kì í fi í tó wa. Ìfiwéra yìí wà fún àwa tí à ń ṣeré ní Àbújá àti agbègbè rẹ̀: ìsọmọlórúkọ ní Kubwa, ìgbéyàwó ní Gwarinpa, ìsìn ọjọ́ Àìkú ní Lugbe, òde alẹ́ ní Mararaba. Owó hàmóníkà ni mo fi díwọ̀n. Hohner Special 20 kan ń lọ sí nǹkan bíi $50 lókè òkun, ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ bá sì ti kọjá ti hàmóníkà mẹ́fà, kò sí nínú ohun tí mo ń pè ní olówó pọ́ọ́kú. Dọ́là ni màá máa fi sọ̀rọ̀, torí láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iye tí mo bá kọ ní náírà lónìí lè ti di ìtàn kí ẹ tó dé ọjà.

Ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ohun èlò òyìnbó ni, kí ló kàn wá. Láyé ijọ́sí tí àwọn ọmọ wéré ń jí àwọn èèyàn sí sààrì nígbà ààwẹ̀, àwọn kan nínú wọn a máa fọn máútọ́gàn, ìyẹn hàmóníkà, láàárín orin. Ìgbà yẹn, òru dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí sípíkà tó ń bá a dù ú. Lónìí, gángan àti dùùrù ti wọ inú ẹ̀rọ, jẹ́nẹ́rétọ̀ sì ń ké lẹ́yìn ògiri. Hàmóníkà tí kò bá wọ inú sípíkà, ẹni tó ń fọn ọ́n nìkan ló máa gbọ́ ọ.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ìkúùkù ni mo kọ́kọ́ wò. Máìkì akọrin SM58 onírin ti Shure wọn nǹkan bíi gíráàmù 300 láìtíì ka wáyà mọ́ ọn. Ẹ gbé e dání pẹ̀lú hàmóníkà fún wákàtí méjì, ẹ ó mọ̀ pé kò kéré. Bí wọ́n bá wá fi tíráńsímítà, ìyẹn ẹ̀yà tó ń fi ohùn ránṣẹ́, kún un, ibi tí tíráńsímítà náà wà ṣe pàtàkì ju bó ṣe wúwo tó lọ. Èyí tó gùn gbọọrọ sẹ́yìn máìkì á máa fa ọwọ́ wálẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ á máa ṣí láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ẹ ó sì máa bínú sí ẹni tó wà nídìí míksà pé ó ba ohùn yín jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìbáramu láàárín máìkì àti ibi tí ẹ fẹ́ tì í bọ̀. Ibí yìí ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Ìdílé méjì ni máìkì tí àwa ń lò. Ọ̀kan ni máìkì akọrin, irú SM58 tí Shure gbé jáde lọ́dún 1966, tó ní pín mẹ́ta nídìí, tí wọ́n ń pè ní XLR. Ohm tirẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bó ṣe ń dènà iná, kéré, ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré. Ìkejì ni máìkì roboto tí àwọn olórin ń pè ní bullet, irú Green Bullet ti Shure tàbí JT-30 ti Astatic àtijọ́. Àwọn yìí, ohm wọn ga, áńpù gìtá ni wọ́n ń bá rìn. Èyí tí wọ́n fi kírísítà (crystal) ṣe inú rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ kí ibi tó ń wọ̀ ní tó mílíọ̀nù ohm kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ti irú máìkì bẹ́ẹ̀ bọ tíráńsímítà tí wọ́n ṣe fún máìkì akọrin, ohùn ìsàlẹ̀ á pòórá pátápátá, èyí tó kù á máa dún bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ. Ẹ̀bi máìkì kọ́, ẹ̀bi wáyálẹ́ẹ̀sì náà sì kọ́. Àwọn méjèèjì kò jẹ́ ti ara wọn ni.

Agbára ohùn náà wà níbẹ̀. Hàmóníkà tí ọwọ́ bò mọ́ máìkì lágbára ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu ni àwọn tó ṣe ọ̀pọ̀ wáyálẹ́ẹ̀sì ní lọ́kàn. Bí kò bá sí ibi tí a ti lè dín agbára kù lórí máìkì tàbí lórí tíráńsímítà, ohùn á ti fọ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kò sì sí bí míksà ṣe lè tò ó pa dà. Ìfọ́ yìí yàtọ̀ sí kíkùn dídùn tí áńpù onífáàfù ń fúnni. Èyí tí áńpù ń ṣe gbóná, ó sì yí. Ti tíráńsímítà gé gbàjà ni.

Ìfàsẹ́yìn ohùn kò gba àròyé púpọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá tí a bá pín sí ẹgbẹ̀rún, ìpín kan nínú rẹ̀ ni ohùn fi ń rìn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34. Wáyálẹ́ẹ̀sì tó bá fi ìpín 6 pẹ́ kò ju pé kí ẹ jìnnà sí áńpù yín ní mítà méjì lọ. Ẹ kò ní í mọ̀ ọ́n lára. Bluetooth ni tirẹ̀ burú, mo sì máa dé ibẹ̀.

Ojú afẹ́fẹ́ Àbújá

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í sọ̀rọ̀ nípa èyí, bẹ́ẹ̀ ó lè ba òde jẹ́ ju bátìrì tó kú lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni ohùn wáyálẹ́ẹ̀sì olówó pọ́ọ́kú máa ń gbà lójú afẹ́fẹ́.

Èkíní ni UHF, ìgbì rédíò tó wà láàárín 470 MHz sí 694 MHz. Tẹlifíṣọ̀n ló ni ibẹ̀. Jos ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n dígítà ní Nàìjíríà ní oṣù kẹrin ọdún 2016, Àbújá sì tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá ọdún náà. Nítorí náà, wáyálẹ́ẹ̀sì UHF tí kò lè kúrò lójú kan, tó jẹ́ pé ìlà kan ṣoṣo (channel) ni wọ́n fún un láti ilé iṣẹ́, lè bọ́ sórí ohun tó ti ń lo ibẹ̀, kò sì ní ibi tó máa sá lọ. Máìkì àtijọ́ tó wà láàárín 700 sí 860 MHz tún burú jù. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ni wọ́n pín ibẹ̀ fún báyìí káàkiri Áfíríkà àti Yúróòpù. Bí ẹnì kan bá ń tà á fún yín ní ẹ̀dínwó, ẹ mọ ìdí tó fi dínwó.

Èkejì ni 2.4 GHz, tí ẹnikẹ́ni lè lò láìgba ìwé àṣẹ. Wi-Fi wà níbẹ̀, Bluetooth wà níbẹ̀, ààrò máíkíróòfù náà wà níbẹ̀. Gbọ̀ngàn tó bá ṣófo lọ́sàn-án nígbà tí ẹ ń dán ẹ̀rọ wò, tí ohùn ń lọ geere, kì í ṣe gbọ̀ngàn yẹn náà ni yóò jẹ́ lálẹ́ nígbà tí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta èèyàn bá wọlé pẹ̀lú fóònù, tí àwọn oníkámẹ́rà tan họ́ọ̀tìsípọ́ọ̀tì wọn, tí ìjọ sì ń fi rọ́tà gbé ìsìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ara èèyàn náà ń dí ìgbì yìí lọ́wọ́, torí omi ló pọ̀ jù nínú ara. Ẹ gbé rìsífà, ìyẹn ẹ̀yà tó ń gba ohùn, síbi tó ga, tí ojú yín àti ojú rẹ̀ á máa ríra, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí rọ́tà. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń bójú tó rọ́tà náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gbé e lọ sí 5 GHz.

Ẹ̀kẹta ni 5.8 GHz, tó ń yọjú báyìí lára àwọn ẹ̀rọ gìtá kéékèèké. Èrò kò pọ̀ tó ti 2.4, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ẹ̀yìn sí rìsífà, ó máa ń tètè já.

Wáyà lásán

Mo fi í síbí torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá wáyálẹ́ẹ̀sì, wáyà ni wọ́n nílò. Bí ẹ bá ń jókòó ṣeré, tàbí tí ẹ kì í kúrò níwájú áńpù yín, wáyà mítà 6 tó dára kò ní bátìrì tó máa kú, kò mọ Wi-Fi, ohm rẹ̀ kò sì ní í bá ti máìkì yín jà. Ìyàtọ̀ owó náà, ẹ fi ra hàmóníkà tó wà ní kíì mìíràn. Ẹni tó bá sì ra wáyálẹ́ẹ̀sì, kó má yọ wáyà kúrò nínú báàgì rẹ̀ láé.

Máìkì ọwọ́ UHF

Èyí ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àti gbogbo ilé àríyá ti ní. Ọ̀fẹ́ ni fún yín, bátìrì AA ló ń lò, kíóòsì tó bá ṣí láàárín òru sì máa ń ní in. Ní ìlú tí iná lè lọ lásìkò tí ẹ fẹ́ ṣáàjì, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀nà rẹ̀ tún jìn. Irú Shure BLX sọ pé òun lè dé nǹkan bíi mítà 90 bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́, bátìrì AA méjì sì lè gbé e tó wákàtí 14. Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, BLX tuntun ti lé ní $300, ìyẹn sì ti kọjá òṣùwọ̀n wa. Àwọn tí owó wọn kéré wà, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn ní. Bí ìjọ méjì bá wà ní àdúgbò kan tí wọ́n ra irú kan náà, ẹ lè máa fọn orin ìyìn kí ìwàásù aládùúgbò máa ti inú sípíkà yín jáde.

Fún hàmóníkà, ìdí rẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀. Áńtẹ́nà wà nísàlẹ̀ máìkì, ibẹ̀ gan-an sì ni àwa máa ń gbá mú kí a lè rí agbára pa ọwọ́ dé. Ẹ bo áńtẹ́nà, ohùn já. Ẹni tó wà nídìí míksà á ké pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún ọwọ́ sókè!" Òótọ́ ló sọ. Orí rẹ̀ tóbi, ara rẹ̀ gùn, ìkúùkù kò sì ní í rí i pa dé dáadáa. Ohun mìíràn tún wà: àwọn UHF aláńálọ́ọ̀gù máa ń fún ohùn pọ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, rìsífà á sì tún un tú. Lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sẹ́ni tó ń kíyè sí i. Lórí hàmóníkà, ẹ lè gbọ́ èémí àti híhó tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín orin.

Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹ jù ú nù. Bó bá jẹ́ orin ìsìn lẹ ń fọn, tí ẹ kò wá ohùn tó ki, ẹ di hàmóníkà mú ní ọwọ́ méjèèjì, ẹ gbé máìkì náà sórí ìdúró, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà bíi 5 sí 10 jìnnà sí i, kí ẹ sì máa ṣí ọwọ́ kí ẹ máa pa á dé. Ohùn á mọ́ gaara, á máa gbọ̀n dáadáa. Wáyálẹ́ẹ̀sì tó dúró lójú kan dà bí ohun ẹ̀rín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè yọ ọ́ kúrò nígbà tí pásítọ̀ bá ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá sáàárín ìjọ.

Tíráńsímítà ìbàdí

Èyí ni àpótí kékeré tí onígìtá ń fi há bẹ́líìtì. Wáyà kúkúrú á ti máìkì yín lọ sí ìbàdí. Ìkúùkù kò gbé nǹkan kan kún un, ẹnu àpótí náà sì wà fún gìtá, nítorí náà máìkì roboto bá a mu dáadáa. Ibì kan sì sábà máa ń wà lára rẹ̀ tí ẹ ti lè dín agbára kù. Bí owó kò bá sí nínú ọ̀rọ̀, èmi ì bá ní kí gbogbo wa lọ rà á. Owó wà nínú ọ̀rọ̀. Tuntun tó ṣe é gbọ́kàn lé wà ní ìpele owó BLX, ọjà àlòkù sì kún fún èyí tó wà lójú ìlà tí mo ní kí ẹ sá fún lẹ́ẹ̀kan. Inú àpò ni mo ti rí ọ̀nà tó gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ní ìdá díẹ̀ nínú owó rẹ̀.

Ẹ̀rọ gìtá kékeré, ọ̀kan bọ ibí, ọ̀kan bọ ọ̀hún

Ẹ̀yà méjì tó tó àtàǹpàkò: ọ̀kan á bọ gìtá, ìkejì á bọ áńpù. Lekato àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bíi $40 sí $60. Xvive U2 gbówó lórí jù wọ́n lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Boss WL-20 ń lọ sí nǹkan bíi $200. 2.4 GHz ni U2 àti WL-20. Lekato ní ti 5.8 náà.

Fún ẹni tó ní máìkì roboto àti áńpù, ibí ni mo dúró sí. Ohm ẹnu wọn bá máìkì náà mu. Dígítà ni wọ́n, wọn kì í fún ohùn pọ̀ bíi ti UHF aláńálọ́ọ̀gù, nítorí náà ohùn tó wọlé ni ohùn tó jáde. Green Bullet sì ní ibi tí a ti ń yí fólúùmù lára rẹ̀, ẹ lè dín agbára kù látọwọ́ kó tó fọ́ nínú tíráńsímítà. Ẹ rántí pé inú kírísítà ló le jù láti tẹ́ lọ́rùn. Green Bullet tó ń lo irin àti máńgínẹ́ẹ̀tì kì í ṣàròyé bẹ́ẹ̀.

Àbùkù wà. Akọ ni jáàkì ẹ̀rọ náà, akọ sì ni ti wáyà Green Bullet, tó tún jẹ́ pé wáyà mítà 6 rẹ̀ kì í yọ kúrò lára máìkì. Ẹ nílò àdápítọ̀ tó jẹ́ abo lápá méjèèjì. Àwọn máìkì àtijọ́ mìíràn ní ẹnu onírin tí a ń lọ́ mọ́ ọn, àdápítọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Má sì ti tíráńsímítà bọ ìdí máìkì tààrà, bó tilẹ̀ bá a mu. Á máa yọ síta, ọwọ́ á máa gbá a, ẹnu jáàkì á sì tú láìpẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé kí ẹni tó ń tún rédíò ṣe gé wáyà máìkì náà kù sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 80, kó jó abo jáàkì mọ́ ẹnu rẹ̀. Wáyà náà á gba inú apá aṣọ lọ, tíráńsímítà á sì wà nínú àpò àyà bùbá tàbí àpò agbádá. Aṣọ kì í dí ìgbì lọ́wọ́. Ara ló ń dí i. Àpò iwájú ló dára, ẹ má fi í sí àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Báyìí, pẹ̀lú $50, ẹ ti ní tíráńsímítà ìbàdí. Bí ẹ kò bá fẹ́ gé máìkì olówó iyebíye, ẹ ká wáyà náà pọ̀, ẹ fi okùn dè é mọ́ bẹ́líìtì. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n agbádá á bò ó.

Èwo nínú wọn? Ti $50 á ṣiṣẹ́ nínú pálọ̀, nínú ilé ìgbafẹ́ kékeré, níbi tí ẹ kò ti ní í ju mítà mẹ́wàá sí áńpù lọ. Ó sábà jẹ́ pé bátìrì tí a kò lè yọ ló wà nínú rẹ̀, bó bá sì ti rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ ra òmíràn. U2 ní ìlà mẹ́rin tí ẹ lè fi ọwọ́ yàn, wákàtí 5 ni wọ́n sì sọ pé bátìrì rẹ̀ ń lò. WL-20 a máa wá ìlà fúnra rẹ̀, tíráńsímítà rẹ̀ ń lo nǹkan bíi wákàtí 12, ìfàsẹ́yìn ohùn rẹ̀ kò ju ìpín 2.3 lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ohun kan sínú WL-20 tó ń ṣe bíi wáyà gìtá, tó ń dín ohùn òkè kù díẹ̀. WL-20L kò ní in. Lórí hàmóníkà, ohùn òkè tó dín kù yẹn lè jẹ́ àǹfààní, torí òkè ni áńpù ti sábà máa ń han gooro. Láàárín U2 àti WL-20, ẹni tí òde rẹ̀ máa ń pẹ́ ju wákàtí 5 lọ kó fi owó lé e, torí kò sẹ́ni tó máa ní kí ìyàwó dáwọ́ ijó dúró kí ẹ lè wá ibi ṣáàjì.

Ohun kan kan gbogbo ẹ̀rọ oníbátìrì lítíọ̀mù: ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà lóòrùn Àbújá lóṣù kẹta. Ooru yẹn ń pa wọ́n ju ìlò lọ.

Ẹ̀rọ XLR tí a ń ti bọ ìdí máìkì

Èyí ni ìbátan ẹ̀rọ gìtá, ṣùgbọ́n máìkì akọrin ni wọ́n ṣe é fún. Xvive U3 àti XSW-D ti Sennheiser ni wọ́n mọ̀ jù, 2.4 GHz ni àwọn méjèèjì, bátìrì wọn sì ń lò tó wákàtí 5. U3 sún mọ́ òṣùwọ̀n owó wa, XSW-D ga jù ú lọ. Máìkì tí kò nílò iná láti inú míksà nìkan ni U3 ń gbà. SM58 kò nílò rẹ̀, torí náà kò sí wàhálà.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé máìkì tí ọwọ́ yín ti mọ̀ lẹ ó máa lò, ẹ ó sì ti rìsífà bọ míksà tààrà. Àbùkù rẹ̀ ni ìrù tó gùn tí mo sọ lókè. Wáyà XLR kúkúrú àti àpò àyà á wo ìyẹn sàn pẹ̀lú. Máìkì tó kúrú bíi FireBall V ti Audix, tó ní ibi tí a ti ń yí fólúùmù lára rẹ̀, bá ẹ̀rọ yìí mu jù SM58 lọ, ìkúùkù sì rí i bò dáadáa. Ẹ má ti máìkì roboto bọ ọ́. Mo ti sọ ìdí.

Ẹ ṣọ́ra fún SM58 fúnra rẹ̀. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ káàkiri ayé, Shure náà sì ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ojúlówó tuntun ń lọ sí nǹkan bíi $100. Èyí tí wọ́n bá ń tà ní ìdá mẹ́rin owó yẹn, ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà.

Bluetooth àti máìkì fídíò

Lọ sí ọjà Banex ní Wuse 2, wọ́n á fi máìkì kékeré tí àwọn oníkọ́ńtẹ́ǹtì ń fi há kọ́là hàn yín. Ó dára fún ọ̀rọ̀ sísọ lórí fóònù. Gbogbo ìhà ló ń gbọ́, bí ẹ bá gbé e wá sí iwájú sípíkà, á bẹ̀rẹ̀ sí í han. Bluetooth ní tirẹ̀ máa ń fi ọgọ́rùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìpín ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́. Ẹ fọn, onílù ti gbá ìlù kọjá, kí ohùn yín tó jáde. Kò sí àròyé mìíràn lórí rẹ̀.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tó ń fọn nínú ìjọ, tí ìjọ sì ti ní UHF tó dára, kó fi owó rẹ̀ sápò. Kó kọ́ bí a ṣe ń di máìkì náà mú lókè, kó bẹ ẹni tó wà nídìí míksà pé kó dín agbára àti ohùn òkè kù.

Ẹni tó ní áńpù àti máìkì roboto, tó ń ṣeré nínú ilé ìgbafẹ́ àti òde tí kò tóbi, ẹ̀rọ gìtá ni tirẹ̀. Bó bá ń ṣeré lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ti $50 tó o. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá, WL-20.

Ẹni tó ń lọ sí pápá gbalasa, ìgbéyàwó ńlá tàbí ayẹyẹ ìta ní Kaduna tàbí Kano, tí pèpéle jìnnà sí míksà, UHF oníbàdí tó lè yí ìlà ni kó yá tàbí kó háyà fún ọjọ́ náà. Àwọn tó ń háyà ẹ̀rọ sábà máa ń ní in, kí ó sì bi wọ́n léèrè ìlà tó wà kó tó san owó. Lóṣù ọyẹ́, kó di hàmóníkà rẹ̀ sínú páálí títí di ìgbà tó bá máa fọn ún, torí eruku tó bá wọ inú irin rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ itọ́.

Ẹni tó ní SM58 tó sì ń bá ẹgbẹ́ olórin jó káàkiri pèpéle, U3 àti wáyà XLR kúkúrú.

Ẹni tí kò tíì ní máìkì rárá, kó má tíì ra wáyálẹ́ẹ̀sì. Kó ra máìkì tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu, kó lò ó pẹ̀lú wáyà títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi mọ bí a ṣe ń pa á dé. Ìdí máìkì tó bá yàn ló máa sọ ẹ̀rọ tó kù fún un láti rà.